Bí Ẹ Ṣe Máa Wọn Omi Odò Àdúgbò Yín, Tí Ẹ Ó Sì Pín In Kí Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Dé

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹjọ́ kan náà ń délé Báálẹ̀ ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń dá àkùrọ̀ láàárín Ìsẹ́yìn sí Ṣakí. Tòmátì ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ti ń rọ, ó ní àwọn tòkè ló fa omi tán. Àwọn tòkè ní kì í ṣe àwọn, odò ló gbẹ fúnra rẹ̀. Báálẹ̀ á ní kí kálukú rọra máa fà á. Gbogbo wọn á dúpẹ́, wọn á túká, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, páńpù á ti tún máa ké láti ìdájí.

Ohun tó ń ba irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó mú iye kankan wá síbẹ̀. Wọn ò mọ iye lítà tó ń ṣàn, wọn ò mọ iye tí páńpù kan ń fà, wọn ò sì mọ ọ̀sẹ̀ tí omi ò ní tó mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé mọ̀, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.

Odò kékeré tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, irú èyí tó ń ṣàn lọ bá Odò Ògùn. Kì í ṣe fún Odò Ògùn fúnra rẹ̀. Ìyẹn ń fẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀rọ. Oṣù Kẹwàá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kejì, ìjà ló máa bá lójú odò, kò ní bá omi.

Ohun tí ẹ nílò

- Tépù gígùn. Bí kò bá sí, okùn tí ẹ ti sàmì sí ní ìdajì mítà-ìdajì mítà.
- Igi tààrà kan tí ẹ fi ìlà sí ní sẹ̀ǹtímítà, láti fi wọn jíjìn omi.
- Ọsàn tútù bíi mẹ́fà, tí ẹ kò bó.
- Fóònù tó ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá.
- Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 àti garawa onílítà 20.
- Pákó 2 by 3 tó le dáadáa, ọ̀dà funfun, dúdú, àwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa, ìṣó, sìmẹ́ńtì díẹ̀.
- Họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara tí bíríkìlà máa ń bu omi sí láti fi wo ìpele.
- Ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsùlù. Ẹ fi báírò sílẹ̀ nílé. Bí ìwé bá ti tutù, báírò kì í kọ dáadáa mọ́.
- Bàtà òjò gígùn fún ẹni tó máa wọ omi. Àtọ̀sí ajá wà nínú ọ̀pọ̀ odò agbègbè Odò Ògùn, inú omi ló sì ti ń wọ ara. Níbi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nítorí amúkùrù, kòkòrò tó ń jẹni tó ń tan àrùn ìfọ́jú etí odò.

Ènìyàn méjì ló kéré jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ odò láti wọn ọ́n, bó ti wù kó kéré tó.

Ìpele 1: Ẹ fẹsẹ̀ rin odò náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè níbi tí páńpù àkọ́kọ́ wà títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pọn omi mu kẹ́yìn nísàlẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀: ojúkò páńpù, ibi tí màlúù ti ń mu omi, ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe fùfú, ibi tí tipa ti ń wa iyanrìn, ìsun omi tó ń dà sí i láti ẹ̀gbẹ́.

Àwọn kan máa ń fi Fúlàní darandaran àtàwọn tó ń wa iyanrìn sílẹ̀, wọ́n ní wọn kì í ṣe ará ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Àwọn gan-an ni kì í jẹ́ kí ètò dúró bí wọn ò bá sí níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka orúkọ tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ ẹnì kan tó ń gbé nísàlẹ̀ odò. Bí ó bá dárúkọ ẹlòmíràn tí kò sí nínú ìwé, ẹ padà lọ wò ó.

Ìpele 2: Ẹ yan ojú ibi tí ẹ ó ti máa wọn omi

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Bí ojú ibẹ̀ kò bá dáa, gbogbo iye tí ẹ bá kọ lẹ́yìn rẹ̀ máa tàn yín jẹ ni.

Ẹ wá ibi tí odò ti lọ tààrà fún bíi mítà 10, tí etí rẹ̀ méjèèjì le, tí omi kò ní ibi méjì tó ń gbà, tí kò sì sí igi tó wó dí i. Ó yẹ kí ibẹ̀ wà lókè gbogbo páńpù tó bá ṣeé ṣe, kí iye tí ẹ bá rí lè jẹ́ iye tó ń wọlé bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀. Kí ló ń gbé omi náà dúró ní ìwọ̀n tó wà? Bó bá jẹ́ àpáta tó dábùú odò, tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì abẹ́ afárá kékeré, ẹ ti rí ibi tó dáa jù lọ, torí àpáta kì í ṣí kúrò. Bó bá jẹ́ iyanrìn, òjò ńlá kan ṣoṣo ti tó láti yí ohun gbogbo padà: ọ̀pá ìwọ̀n á ṣì máa sọ iye kan náà, ṣùgbọ́n omi tó ń kọjá kò ní jẹ́ ọ̀kan náà mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n máa ń yan ibi tí omi ti jìn tó dákẹ́ rọ́rọ́, torí ó rọrùn láti ri ọ̀pá síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ irú ibẹ̀ sì ni àgbẹ̀ kan máa ń to àpò iyanrìn sí kí omi lè jọ fún páńpù rẹ̀. Bí omi bá ti jọ, ó ga lára ọ̀pá, ẹ ó rò pé odò ti kún, nígbà tí ó jẹ́ pé omi tó ń ṣàn ti dín kù. Tí àpò iyanrìn bá wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá yín níbi tí ojú yín lè rí i, kí wọ́n kó o kúrò tàbí kí ẹ lọ wá ibòmíràn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ju ewé gbígbẹ bíi mẹ́wàá sójú omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tàn ká ìbú odò. Bí púpọ̀ nínú wọn bá lọ tààrà, ibẹ̀ dára. Bí àwọn kan bá ń pòòyì tàbí tí wọ́n ń padà sẹ́yìn, ẹ máa lọ.

Ìpele 3: Ẹ ri ọ̀pá ìwọ̀n mọ́lẹ̀

Bí afárá tàbí ògiri sìmẹ́ńtì bá wà níbẹ̀, ẹ kun ìlà yín sára rẹ̀, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ọ̀pá. Bí kò bá sí, ẹ kun pákó ní funfun, kí ẹ fi dúdú fa ìlà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà, kí ìlà ti 5 gùn díẹ̀, kí ti 10 ní nọ́ńbà lára. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ fi sìmẹ́ńtì dì í, kó dúró ṣánṣán ní ẹ̀bá odò níbi tí igi tí àgbàrá ń gbé bọ̀ kò ti ní gbá a.

Òdo ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ibi tí omi máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí jù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá fi òdo sí ojú omi oṣù Kẹwàá, tó bá di oṣù Kìíní omi á ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára ọ̀pá, ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù ni kò ní lè sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ wá ṣe àmì ẹlẹ́rìí. Ẹ fi ọ̀dà pupa kan àpáta tàbí ìpìlẹ̀ afárá tó wà nítòsí, kí bíríkìlà fi họ́ọ̀sì olómi rẹ̀ wọn bí àmì náà ṣe ga ju òdo ọ̀pá lọ tó. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé. Bí màlúù bá fara ro ọ̀pá tàbí tí ẹnì kan fà á tu (ó máa ń ṣẹlẹ̀, pákó dáadáa kì í pẹ́ nígbó), àmì yìí ni ẹ ó fi dá a padà sí ojú ibi tó wà gan-an.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹni méjì ka ọ̀pá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìjẹ́ kí ìkíní gbọ́ ti ìkejì. Iye wọn kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan síra lọ.

Ìpele 4: Ẹ wọn omi tó ń ṣàn

Ọ̀pá ń sọ gíga omi fún yín. Kò tíì sọ iye rẹ̀. Ọsàn ló máa bá yín ṣe ìyẹn. Ìdí tí mo fi yan ọsàn ni pé ó máa ń rì dé ibi tó pọ̀ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í rí i tì. Ike òfìfo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Nínú ọyẹ́, atẹ́gùn ni irú wọn ń wọn.

1. Ẹ ta okùn kan dábùú odò lókè, ẹ ta ìkejì sísàlẹ̀ rẹ̀ ní mítà 5 síra.
2. Lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ìbú omi, kí ẹ wá wọn jíjìn rẹ̀ ní ojú márùn-ún tó jìnnà síra lọ́gbọọgba.
3. Ẹ ro jíjìn márààrún pọ̀, kí ẹ pín in sí 6. Kì í ṣe 5 o! Etí odò, níbi tí jíjìn ti jẹ́ òdo, náà wà nínú ìṣirò. Ẹni tó bá pín in sí 5 ti fi kún omi tí kò sí.
4. Kí ẹnì kan ju ọsàn sójú omi láti bíi mítà méjì sókè okùn àkọ́kọ́, kó lè ti bá eré omi mu kó tó dé orí ìlà. Kí ẹnì kejì ka ìṣẹ́jú àáyá láti okùn kìíní dé ìkejì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ní àárín àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tó bá há sí koríko kò sí nínú ìṣirò.
5. Ẹ mú ìpíndọ́gba okùn méjèèjì fún ìbú àti jíjìn, àti ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú àáyá tí ọsàn lò. Ìbú lọ́nà jíjìn lọ́nà gígùn (mítà 5 tó wà láàárín okùn), kí ẹ pín in sí ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.8. Ìdí ni pé ojú omi máa ń yára ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ojú omi ni ọsàn sì ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ìbú omi jẹ́ mítà 1.2. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, 14, 16, 13 àti 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Pín in sí 6, ó di sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn mítà 0.1. Omi tó wà láàárín okùn méjèèjì jẹ́ 1.2 × 0.1 × 5, èyí tó jẹ́ 0.6; ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1,000, ó di lítà 600. Ọsàn lo ìṣẹ́jú àáyá 20. 600 pín sí 20 jẹ́ 30. 30 × 0.8 jẹ́ 24. Lítà 24 ló ń kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí ìsàlẹ̀ odò bá jẹ́ òkúta gbágungbàgun tí omi rẹ̀ kò sì jìn, 0.7 sàn ju 0.8 lọ. Èyí tí ẹ bá ti mú, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ lágbede méjì ọdún. Ohun tí ẹ ń wá ni bí odò ti ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀; bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìṣirò, ẹ ò ní mọ̀ bóyá odò ló yí padà tàbí ẹ̀yin.

Tí omi bá ti fà débi tí ọsàn ń ha ilẹ̀, ẹ lo pákó onígun V. Ẹ gé ojú V sí pílíwúùdù kan, kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ dígírì 90, bí igun ìwé. Ẹ kan páànù tín-ín-rín mọ́ etí V náà kí omi lè já bọ́ láìfara mọ́ pákó. Ẹ fi dí odò pátápátá, ẹ fi amọ̀ àti àpò iyanrìn dí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí gbogbo omi gba ẹnu V. Omi ìsàlẹ̀ pákó gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju ìdí V lọ. Ẹ wá wọn gíga omi sí ìdí V náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi ẹnu rẹ̀, torí omi ti ń dagun sísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sún sókè odò ní bíi mítà kan. Èyí ni iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan:

- sẹ̀ǹtímítà 5: lítà 0.8
- sẹ̀ǹtímítà 8: lítà 2.5
- sẹ̀ǹtímítà 10: lítà 4.4
- sẹ̀ǹtímítà 12: lítà 6.9
- sẹ̀ǹtímítà 15: lítà 12
- sẹ̀ǹtímítà 20: lítà 24.7

Bí ẹ bá ti wọn ọ́n tán, ẹ yọ pákó náà kúrò, kó má baà di ohun tó ń sé omi mọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí àwọn méjì mìíràn tún un ṣe ní wákàtí kan náà. Bí ìyàtọ̀ àárín tiyín àti tiwọn bá ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, jíjìn ni ẹ kọ́kọ́ lọ tún wọ̀n. Níbẹ̀ ni àṣìṣe máa ń pọ̀ sí, kì í sábàá jẹ́ aago.

Ìpele 5: Kíkà ojoojúmọ́ àti tábìlì odò

Ìdájí ni kí wọ́n máa ka ọ̀pá, kí páńpù kankan tó dún. Ẹni tí mo máa ń dábàá fún iṣẹ́ yìí ni ìyá tó ń pọn omi níbẹ̀ láràárọ̀. Ó ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ ẹnikẹ́ni. Kó ya fọ́tò ọ̀pá, kó jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́: "Ẹ káàárọ̀ o, omi wà ní 31." Ọ̀rọ̀ ti parí, fọ́tò náà ní ọjọ́ àti wákàtí lára, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀ ni. Kí ẹnì kan ṣáà máa kọ ọ́ sínú ìwé, torí fóònù ń sọnù.

Ẹ gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ tààrà sí gbangba, níbi tí igi ò bò, kí ẹ máa fi rúlà wọn òjò inú rẹ̀ láràárọ̀. Mìlímítà òjò kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó.

Láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kejì, nígbàkigbà tí ọ̀pá bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin-márùn-ún, ẹ lọ tún Ìpele 4 ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ẹ ó ní tábìlì tiyín. Ó lè rí báyìí:

- ọ̀pá 42: lítà 60
- ọ̀pá 35: lítà 39
- ọ̀pá 31: lítà 28
- ọ̀pá 27: lítà 19
- ọ̀pá 22: lítà 9

Àpẹẹrẹ lásán nìyí o. Tábìlì odò kan kò wúlò fún odò mìíràn, kódà bí wọ́n bá wà nínú abúlé kan náà. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pá 22 kì í ṣe ìdajì ọ̀pá 42 ní ti omi. Sẹ̀ǹtímítà 20 ló sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n nínú omi mẹ́fà tó ń ṣàn, márùn-ún ti lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ bá tò ó láti òkè sísàlẹ̀, lítà gbọ́dọ̀ máa dín kù bí ọ̀pá ti ń dín kù. Bí ọ̀kan bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wọn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ṣì yọ, ẹ lọ wò ó bóyá wọ́n ti wa iyanrìn tàbí to àpò sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá.

Ìpele 6: Ẹ wọn páńpù

Iye tí wọ́n kọ sára páńpù kì í ṣe iye tó ń jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì. Gíga etí odò, gígùn họ́ọ̀sì àti ọjọ́ orí ẹ̀rọ ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 sí oko níbi tí omi ti ń jáde gan-an, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi kún. Bí ó bá lo 33, páńpù náà ń fa lítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìṣirò kan wà tó máa ń ya àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fọ́ ń fẹ́ bíi mìlímítà 5 lójúmọ́. Lórí éékà kan, ìyẹn jẹ́ bíi lítà 20,000. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un fún èyí tó ń ṣòfò, ó di 30,000. Páńpù onílítà 6 máa gbé ìyẹn wá láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23. Ẹni tó fi páńpù sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin lórí éékà kan ti fa lítà 86,400, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ń fẹ́, ó sì ti san owó bẹntiróòlù lé e lórí. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ tó lè mú kí àgbẹ̀ pa páńpù rẹ̀ ju owó bẹntiróòlù yẹn lọ.

Ìpele 7: Ẹ ṣe òfin nígbà tí omi ṣì pọ̀

Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ pe ìpàdé yìí. Gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé Ìpele 1 ni kí ẹ pè: tòkè, tìsàlẹ̀, àwọn ìyá tó ń rẹ ẹ̀gẹ́, Fúlàní, àwọn oníyanrìn.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ rọrùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta omi gbọ́dọ̀ máa kọjá lọ sísàlẹ̀ nígbà gbogbo, fún mímu, fún ẹran, fún ẹja. Páńpù tó ń fa lítà 6, odò gbọ́dọ̀ ní lítà 9 kí ó tó lè dún. Nítorí náà:

- lítà 27 sókè: páńpù mẹ́ta lè dún lẹ́ẹ̀kan náà
- lítà 18 sí 27: méjì
- lítà 9 sí 18: ọ̀kan
- kò tó 9: kò sí páńpù, garawa nìkan, fún ohun tó ti sún mọ́ kíkórè

Páńpù kan tó ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lè bomi rin éékà 8 lójúmọ́. Ẹ fi ìyẹn ṣètò ta ni ó kàn lọ́jọ́ wo.

Ẹ má kọ lítà sínú òfin, ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀pá. Èyí tó tún sàn ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ kun ọ̀pá fúnra rẹ̀: àwọ̀ ewé láti òkè wá sí ibi páńpù mẹ́ta, funfun fún méjì, ìyeyè fún ọ̀kan, pupa sísàlẹ̀. Ẹni tí kò lè kàwé náà á mọ ibi tí omi dé, ọmọdé tí wọ́n rán lọ wò ó kò ní ṣi iye rù wálé.

Ní ti ìjìyà, owó ìtanràn kì í dun olówó. Kí wọ́n yọ pílọ́ọ̀gì páńpù ẹni tó bá rú òfin, kí ó wà lọ́dọ̀ Báálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sé odò pátápátá; bí ó bá to àpò iyanrìn, kó fi àyè sílẹ̀ láàárín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lọ́jọ́ tí páńpù bá ń dún, ẹ lọ wọn omi nísàlẹ̀ páńpù tó kẹ́yìn. Bí ohun tó kù kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta tòkè, páńpù kan wà tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀, tàbí ọ̀kan ń fà ju bí ẹ ti wọn ọ́n lọ. Ilẹ̀ náà máa ń mu díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mu tó báyẹn.

Ìpele 8: Ẹ mọ ọ̀sẹ̀ tí omi máa tán kí ẹ tó gbìn

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, odò kì í kàn dín kù bó ṣe wù ú. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdá tó ń lọ nínú èyí tó kù máa ń súnmọ́ ara wọn. Ẹ mú lítà ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ pín in sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí 30 bá di 24, 0.8 nìyẹn. Ẹ máa fi 0.8 lọ́nà iye tó kẹ́yìn: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ 19, lẹ́yìn náà 15, 12, 10, 8. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí òní, ẹ ti wọ pupa.

Nítorí náà, tòmátì tó ń fẹ́ oṣù méjì ó lé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, ẹni tó bá lọ́ ọ lónìí ń gbìn ín fún oòrùn ni. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ń tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin á bọ́ sí i. Kí ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹnikẹ́ni tó lọ ra irúgbìn.

Lo ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó gba ìdá yẹn gbọ́, kí òjò má sì rọ̀ láàárín wọn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí odò bá tún dúró sí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ó máa jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀ lónìí. Bí omi gidi bá wá relẹ̀ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rin òkè odò. Ẹnì kan ti gbé páńpù tuntun dé.

Ìpele 9: Nígbà òjò, ẹ tún òfin ṣe

Nígbà òjò, ọ̀pá ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa kà á láti ẹ̀bá odò. Bí omi bá ti kọjá orúnkún tó sì ń sáré, kò sí ohun tí ẹ ń lọ wọ̀n nínú rẹ̀.

Ẹ fi òjò inú agolo wé ọ̀pá. Òjò kan náà, ká ní mìlímítà 30, báwo ló ṣe gbé ọ̀pá ga tó, ọjọ́ mélòó ló sì fi padà sí ibi tó wà? Bí ó bá ń ga sí i lọ́dọọdún, tó sì ń tètè fà, àgbàrá ti ń wọ́ ilẹ̀ òkè odò lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tún ṣe: kí wọ́n kọ ebè dábùú ìdagẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má kọ ọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n yé gbin nǹkan dé bèbè odò, kí wọ́n jẹ́ kí koríko, ọparun àti igi padà síbẹ̀. Ẹ má retí pé ọdún kan máa fi hàn.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwọn tó wà nísàlẹ̀ dáàmù Ọyán yàtọ̀ díẹ̀. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ níbẹ̀ máa ń kún Odò Ògùn dé agbègbè Ìṣẹ́rì àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú nígbà tí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, agolo òjò kò sì lè kìlọ̀ fún wọn. Kí àwọn máa tẹ́tí sí ìkéde Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tó wà ní Abẹ́òkúta àti ti NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò, tó ń sọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkún omi lè dé ní ọdọọdún.

Ní oṣù Kẹsàn-án, kí òjò tó kásẹ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì bíríkìlà wọn ọ̀pá sí àmì pupa. Bí ó bá ti sún, ẹ dá a padà. Ẹ tún wọn omi ní ojú méjì lára tábìlì ọdún tó kọjá. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ máa lò ó lọ. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn tábìlì àtijọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí ẹ sì tún kun àwọ̀ ara ọ̀pá síbi tó kàn kí ìpàdé oṣù Kọkànlá tó dé. Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lọ́dún kan. Bí ẹ bá yí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.